Sevasti Méjì lórí Ọ̀nà Àgàn

Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ rọra. Ìyẹn ló dun Sevasti jù. Ká ní ìjì ń jà ni, ká ní òkun ń ru, ì bá ti gba kámú. Ṣùgbọ́n oòrùn ràn, omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọbẹ̀ inú abọ́, ọkọ̀ ńlá funfun náà sì yọ láti ẹ̀yìn òkè, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó gba iwájú èbúté Drimisa kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Sevasti wà létí omi gan-an, ó ń fi ìborùn rẹ̀ júwe sí i títí apá fi ń ro ó. Lẹ́yìn rẹ̀, Kaliroi ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí aṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú. Oyún náà ti wọ oṣù kẹsàn-án. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Kastelo, lórí erékùṣù ńlá, ti sọ fún un pé ọmọ náà dùbúlẹ̀ ní ìbú, kò kọ orí sísàlẹ̀, kò sì jọ pé ó máa yí mọ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé e jáde. Ó ní bí ìrọbí bá fi lè bá a ní Drimisa, ìyá lè lọ, ọmọ lè lọ, torí kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ti bá àwọn àlejò lọ. Rédíò sì ti kéde pé ìjì ńlá yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, kò sí ọkọ̀ tí wọn yóò jẹ́ kó kúrò ní èbúté fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń lọ yìí nìkan ló kù.

Kí ẹ wá wo èbúté yìí kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ mẹ́rin, ọkọ̀ márùn-ún lójúmọ́, àwọn àlejò ń jà du ibi tí wọn yóò tẹ́ aṣọ ìnura sí, kò sì sí ẹni tó ń ka iye èrò. Àmọ́ tó bá di ìgbà òtútù, tí àwọn ilé oúnjẹ ti ti ilẹ̀kùn, tó ku àwa mọ́kàndínlógójì àti ewúrẹ́ wa, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń ná ọ̀nà wa, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn tó ni ín sì ṣe òfin: bí èrò tó fẹ́ wọ̀ tàbí tó fẹ́ sọ̀ ní Drimisa kò bá pé mẹ́ta, ọkọ̀ kò ní yà. Nítorí pé ọ̀nà náà kò mú èrè wá, orúkọ kan wà tí ìjọba fún un, tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà Àgàn ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wa là ń pè é bẹ́ẹ̀ láìronú. Kaliroi nìkan ni kì í pè é. Ọdún méje ló fi wà nílé ọkọ láìfẹ́ra kù, ó sì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dún nígbà tí àwọn obìnrin bá ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó wá bí Sevasti nínú ni pé èrò mẹ́ta pé. Mẹ́ta gẹ́lẹ́. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, ó sì ti gbọ́ lọ́dọ̀ Nomikos apẹja pé ẹnì kẹta ti ra tirẹ̀. Ẹnì kẹta náà rèé, ó dúró ní ìpẹ̀kun èbúté lọ́hùn-ún pẹ̀lú àpò kékeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó ń lọ yọ eyín. Sevasti Kondou lòun náà ń jẹ́.

Ọmọ ìyá kan náà ni bàbá àwọn méjèèjì. Orúkọ ìyá àgbà là ń sọ ọmọbìnrin nílẹ̀ wa, bí ìyá àgbà bá sì bí ọkùnrin márùn-ún, kí ó múra sílẹ̀ láti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójú pópó. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, Sevasti Ààrò là ń pe èyí tí Kaliroi jẹ́ ọmọ rẹ̀, torí bàbá rẹ̀ ló ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo ìlú. Sevasti Kànga sì ni èkejì, torí ẹ̀gbẹ́ kànga ni ilé tirẹ̀ wà. Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà wọn ń kú lọ, ó tọ́ka sí àgbélébùú wúrà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Sevasti ni kí ẹ fún." Kò sọ èwo. Sevasti Kànga ló sún mọ́ ibùsùn jù, ó bọ́ ọ lọ́rùn òkú, ó sì gbé e lọ sílé. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá jókòó lápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì á lọ sí apá òsì.

Sevasti Ààrò kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó bẹ́ sínú ọkọ̀ apẹja Nomikos tí wọ́n so mọ́ èbúté, ó gba rédíò lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì ké sí ọkọ̀ ńlá lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kápúténì dáhùn pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń mu kọfí. Ó béèrè pé kí ló dé. Sevasti ní ó fi èrò mẹ́ta sílẹ̀ ní Drimisa, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aboyún, kó yí padà kíákíá. Kápúténì ní kó dúró, òun ń wo ìwé.

"Méjì ni mo rí," ló wí. "Kaliroi Melanitou, Sevasti Kondou. Òfin sì ní mẹ́ta."

"Mẹ́ta la wà. Sevasti Kondou méjì ló wà níbí."

"Ìyá, ṣé kì í ṣe pé ojú yín ti ń rí nǹkan ní méjì-méjì?"

Nomikos ní òun rò pé Sevasti máa ju rédíò náà sómi. Ó ti la ẹnu láti bú ìran kápúténì láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan nà kọjá èjìká rẹ̀, ó sì gba rédíò náà. Sevasti Kànga ni. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

"Èmi ni Sevasti Kondou, ọmọ Yakoumis. Èyí tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Sevasti Kondou, ọmọ Loukas. Èmi tí mo kórìíra rẹ̀ ni mo sọ fún ọ pé ó wà láàyè. Ẹ̀rí wo lo tún ń wá?"

Kápúténì wá ní ó ṣe òun láàánú o, ṣùgbọ́n òun kò lè yí ọkọ̀ ńlá padà torí àṣìṣe orúkọ, wọ́n ń retí òun ní Kastelo, kí wọ́n fara balẹ̀ de ti ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òfin kì í ṣe tòun. Ẹ gbọ́ ẹnu àwọn ènìyàn yìí. Kò sí ohun búburú tí wọ́n ń ṣe fún wa nígbà òtútù tó jẹ́ tiwọn rí, òfin ló ń ṣe é, ìwé ló ń ṣe é, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é.

Sevasti Ààrò já rédíò gbà padà. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ti kúrò níbi tí ènìyàn ti ń pariwo.

"Ọjọ́ Ẹtì wo? Ìwọ náà gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Ọ̀nà Àgàn lẹ kọ sára ìwé yín, aboyún jókòó létí omi, ẹ sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí òkun yìí ló ń gbọ́ mi. Bí ọmọ mi bá kú síbí, orúkọ rẹ ni màá gbẹ́ sára òkúta ibojì rẹ̀. Jọ̀ọ́, sọ orúkọ rẹ fún mi kí n má baà ṣì í kọ. Ṣé o rí i pé àṣìṣe orúkọ kò dáa."

Kápúténì kò sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní òun yóò dúró lẹ́yìn àpáta Kavos fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí apẹja gbé wọn wá bá òun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ Nomikos, àwọn mẹ́rin pẹ̀lú àwọ̀n àti òórùn ẹja. Kaliroi jókòó láàárín, Sevasti kan níwájú, Sevasti kan lẹ́yìn. Wọ́n ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí Sevasti Ààrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹni tó pa orúkọ òun rẹ́ nínú ìwé. Ó ní ọwọ́ tó ṣe é á rọ. Ó ní onítọ̀hún kò ní rí ọkọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ń bá a lọ báyìí ni Sevasti Kànga sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Má ṣépè mọ́. Èmi ni."

Ó ní lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ òun láago. Ó béèrè bóyá òun ni Sevasti Kondou, òun ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà ní orúkọ òun, ọjọ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà, ṣé kí òun pa ọ̀kan rẹ́. Eyín ń ro òun gan-an. Òun sì mọ̀ pé nígbà tí òun ń rà á, òun tẹ fóònù náà lẹ́ẹ̀mejì torí pé kò dáhùn. Òun ní kó pa á rẹ́, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sevasti Ààrò yí padà tán pátápátá nínú ọkọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ní ọpọlọ ni yóò mọ̀ pé Sevasti méjì ló wà ní Drimisa, ajá ìlú gan-an mọ̀. Ó ní ẹni tó lè bọ́ nǹkan lọ́rùn òkú, kí ni kò lè pa rẹ́. Sevasti Kànga ní òun kò bọ́ nǹkan ẹnikẹ́ni, òun náà ni Sevasti, bóyá àwọn kan rò pé àwọn nìkan ni wọ́n sọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá wá tú jáde lórí omi, ti àgbélébùú, ti ewúrẹ́ tó wọ ọgbà, ti ẹni tí kò wá síbi òkú ọkọ ẹnì kejì. Nomikos tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni pé òkun kún fún àpáta.

"Ẹ̀yìn ń ro mí," ni Kaliroi wí. "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀yìn ti ń ro mí."

Nomikos fi kún eré ọkọ̀.

Ọkọ̀ ńlá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún wọn. Atukọ̀ kan tí irun imú rẹ̀ ti funfun dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó fa Kaliroi sókè jẹ́jẹ́, ó fàmì sí orúkọ rẹ̀. Ó wá wo àwọn obìnrin méjì tó kù. Ó ní Sevasti Kondou kan ló wà nínú ìwé òun, nọ́mbà tíkẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹni tó ni ín bọ́ síwájú, kápúténì ní òun kò gbọdọ̀ gbé ẹni tí kò sí nínú ìwé. Sevasti Ààrò kò ní nọ́mbà kankan. Tirẹ̀ ni wọ́n pa rẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò bínú tó báyìí rí, ìbínú náà kò sì wúlò fún un, torí pé orí fóònù ẹni tó kórìíra ni nọ́mbà náà wà.

Sevasti Kànga mú fóònù rẹ̀ jáde nínú àpò. Ó wò ó, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ nínú dígí rẹ̀, ó sì nà án síwájú.

"Gbà. Nọ́mbà náà wà nínú ẹ̀. Bá ọmọ rẹ lọ."

"Eyín rẹ ńkọ́?"

"Eyín kì í pa ènìyàn. Má ka nǹkan tó wà nínú fóònù mi o."

Sevasti Ààrò gba fóònù náà, ó gun òkè. Bó ti ń wo ọkọ̀ Nomikos tó ń padà lọ sí Drimisa pẹ̀lú Sevasti kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó ń bínú sí i síbẹ̀, ó sì tún ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun kò dúpẹ́.

Ìrọbí mú Kaliroi ní gẹ́lẹ́ tí wọ́n dé Kastelo. Láti èbúté ni wọ́n ti gbé e lọ tààrà sí iyàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin ni ọmọ náà, ó sì kéré, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò kéré rárá. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ní ọjọ́ kan, òun kò ní fẹ́ máa sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ìjì dé bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, ó sì ń mi fèrèsé ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́jọ. Stratis, bàbá ọmọ, tó wà lórí ọkọ̀ ẹrù níbi tó jìnnà, sunkún lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá dà bí ẹ̀gún. Ìyá Stratis ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìyẹn ti tó o, Sevasti ló kàn. Kaliroi ní rárá. Ó ní orúkọ yẹn ti dá ilé méjì sí wẹ́wẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun àti ọmọ òun, kò sí ohun tó máa mú kí òun so ó mọ́ ọmọ yìí lọ́rùn. Sevasti kò bá a jiyàn. Ó jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo òjò. Ó dùn ún dé egungun.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n lè padà sílé, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbi tíkẹ́ẹ̀tì. Kò tún gbára lé fóònù mọ́. Ó ní òun fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí Drimisa: ti òun, ti ọmọ òun, ti ọmọ-ọmọ òun. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn fèrèsé tẹ nǹkan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní èrò méjì ni wọ́n o, ọmọ ọwọ́ kì í ṣe èrò, ọkọ̀ kò lè yà torí èrò méjì.

"Kí ló wá jẹ́?" ni Sevasti béèrè. "Ṣé ẹrù ni?"

Ọmọbìnrin náà ní rárá o, mà, kọ̀ǹpútà ni kì í kà á.

"Kọ̀ǹpútà yín mọ èèyàn pa rẹ́, kò mọ èèyàn kà. Fún mi ní méjèèjì, mo máa rí ẹnì kẹta."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò mọ ibi tó máa ti rí i. Ó tẹ Nomikos láago, ó tú gbogbo rẹ̀ sí i létí, Nomikos sì ní òun gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù Sevasti Kànga, tó ṣì wà nínú àpò rẹ̀, dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni: wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Drimisa sí Kastelo, ọjọ́ kan náà, ní orúkọ Sevasti Kondou. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó gbé fóònù náà sílẹ̀, ó tún dún, ìpè ni lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Sevasti Kondou? Ó jọ pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà ní orúkọ yín. Ṣé kí n bá yín pa ọ̀kan rẹ́?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, kí ìbínú tó dé. Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi. Méjì la wà. Bí o bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wa, méjèèjì la máa wá bá ẹ níwájú fèrèsé yẹn, o ò sì ní mọ èwo ló kọ́kọ́ gbá ẹ létí."

Ọkọ̀ yà ní Drimisa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ju afárá sílẹ̀, Sevasti Kànga ló dúró síbẹ̀, àpò kékeré lọ́wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sevasti Ààrò da fóònù padà fún un, ó ní òun kò ka nǹkan kan. Èkejì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti kà tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ọmọ náà lọ́wọ́ Kaliroi, ó sì yọ àgbélébùú wúrà lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ so ó mọ́ aṣọ ọmọ.

Sevasti Ààrò la ẹnu.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Sevasti Kànga wí. "Ìwọ kọ́ ni mo fún. Sevasti ni ìyá àgbà ní kí wọ́n fún."

"Kaliroi ò fẹ́ orúkọ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn. Èmi ń lọ yọ eyín mi."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó wọ inú ọkọ̀. Atukọ̀ onírun imú funfun yẹn ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ń ka ohun tó ń kọ sókè: ẹnì kan wọ̀, ẹni méjì sọ̀.

"Mẹ́ta ló sọ̀," ni Sevasti Ààrò wí.

Atukọ̀ náà ní wọ́n kì í ka ọmọ ọwọ́. Sevasti gbé àpò sílẹ̀, ó dúró sórí afárá, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀, kí wọ́n gbé afárá náà sókè tòun tòun bí wọ́n bá lè ṣe é. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí ọmọ tuntun ti wọ erékùṣù yìí kẹ́yìn, wọn kò sì ní kọ sínú ìwé wọn pé kò wá. Kápúténì fun fèrè lókè. Sevasti kò mira. Atukọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó ṣí bírò rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ, ìyá? Ẹ ò tíì ṣe ìrìbọmi fún un. Kò lórúkọ."

Sevasti wo ilẹ̀. Kaliroi ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ lórí àgbélébùú náà.

"Sevasti ni. Kọ ọ́ kó hàn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà pa á rẹ́."